Orí Karùn-ún: Ọmọ Tí Kíndìnrín Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn, Nínú Ilé Yín

Nígbà tí dókítà bá sọ fún òbí pé kíndìnrín ọmọ ti ń kọṣẹ́, àti pé àìsàn náà kì í ṣe irú èyí tí oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ń lé lọ, ọ̀pọ̀ òbí kì í gbọ́ ohun mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ wọn á kàn gbé wọn délé ni. Ọjọ́ kejì ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: kí ni kí ó máa jẹ? Omi mélòó ni kí n fún un? Ta ni kí n pè bí ojú rẹ̀ bá wú lóru? Àwọn ìbéèrè ilé wọ̀nyẹn ni orí yìí wà fún.

Kí a tó lọ jìnnà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Dókítà lè rí ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń rí i nígbà tó bá jí, nígbà tó bá tọ̀, nígbà tí oúnjẹ bá sú u. Bí ohun tí ẹ rí kò bá sí lákọsílẹ̀, àbá ni dókítà yóò máa dá. Nítorí náà, òbí tó ń wọ̀n, tó ń wò, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ti gba ìlàjì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe, ìbáà jẹ́ pé ìwé mẹ́fà péré ló kà.

Kíndìnrín méjèèjì wà ní ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà. A mọ̀ pé wọ́n ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, àmọ́ iṣẹ́ wọn kò mọ síbẹ̀. Àwọn ló ń pinnu iye omi àti iyọ̀ tí yóò kù nínú ara. Àwọn ló ń bá wa dí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Àwọn ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí fítámì D ṣiṣẹ́ kí eegun lè le. Ìdí rèé tí ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá fi lè wú, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù títí ojú rẹ̀ á fi funfun, kí ó sì kúrú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àìsàn náà bá ti kọjá oṣù 3, àwọn dókítà á kà á sí èyí tó ti di bárakú. Ìpele 5 ni wọ́n pín in sí. Ìpele 1 ni ó fúyẹ́ jù, ìpele 5 sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ fífọ ẹ̀jẹ̀ tàbí pípààrọ̀ kíndìnrín ti ń wáyé. Ẹ béèrè ìpele tí ọmọ yín wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí ó tọ́ ní ìpele 2 lè má tọ́ ní ìpele 4.

Oríṣiríṣi ni ohun tó ń fà á. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí awọ fẹ́lẹ́ kan ti dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọn láti inú oyún. Ìtọ̀ wọn kì í tú jáde geere, ńṣe ló ń kán. Àwọn mìíràn, purotéènì ló ń jò sínú ìtọ̀ wọn títí ara á fi wú. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń ba kíndìnrín jẹ́, kòkòrò tó fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn tàbí egbò ara náà sì lè dá wàhálà sílẹ̀ fún un lẹ́yìn tí egbò ti jinná. Mo sọ èyí nítorí àṣà kan tó ń pa ọmọ lára: òbí méjì á pàdé níwájú ilé ìwòsàn, ọ̀kan á gba òfin oúnjẹ ọmọ èkejì lọ sílé. Ọmọ kan wà tí omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ dínkù. Òmíràn wà tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè dá omi àti iyọ̀ dúró, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi omi dù ú, ẹ̀ ń fi kún àìsàn rẹ̀ ni. Òfin tí wọ́n kọ fún ọmọ yín nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìwé kan, òṣùwọ̀n kan

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé ẹlẹ́yìn líle kan. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sí iwájú rẹ̀, ọjọ́ orí, orúkọ àìsàn rẹ̀, gbogbo oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ìwúwo, ìtọ̀, omi, ìfúnpá, ohun tí a rí.

Ìwúwo ló ṣe pàtàkì jù. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti tọ̀, kí ó tó jẹun, ẹ jẹ́ kí ó gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú pátá nìkan. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò, lórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Omi lítà 1 wúwo tó kílò 1. Nítorí náà, bí ọmọ tó wúwo kílò 20 lánàá bá di 20.5 lónìí, kò sanra. Omi ló gbà sára. Bákan náà, bí ó bá ń yàgbẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, omi ara rẹ̀ ló ń gbẹ, gbígbẹ yẹn sì lè ba ìwọ̀nba kíndìnrín tó kù jẹ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ dókítà: ìwúwo tó bá ga dé tó fi yẹ kí ẹ pè é, àti èyí tó bá wálẹ̀ dé tó fi yẹ kí ẹ pè é. Ẹ fi bírò pupa kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé.

Ojú yín náà jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, nítorí ibẹ̀ ni wíwú sábà máa ń kọ́kọ́ hàn láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì mú un kúrò. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá di kòtò, ẹ kọ ọ́. Nǹkan ọmọkùnrin náà lè wú, kí ojú sì máa tì í láti sọ. Ẹ fi ọgbọ́n béèrè.

Fún ìtọ̀, ẹ ra jọ́ọ̀gì oníke tí wọ́n fàmì sí lára, kí ẹ yà á sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ṣì ń lo páńpà, ẹ wọn páńpà gbígbẹ, ẹ wọn èyí tó ti tọ̀ sí, ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì. Gíráàmù 1 dúró fún mílílítà 1. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìtọ̀ tó ní ìfófòó tí kò tètè parẹ́ lè máa sọ pé purotéènì ń jò. Ìtọ̀ tó pọ́n tàbí tó dúdú jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ pe ilé ìwòsàn sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa wọn ìfúnpá nílé, ọ̀rọ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Aṣọ àgbàlagbà lára ọmọ kékeré á fi nọ́ńbà tó kéré sí òtítọ́ hàn, ọkàn yín á sì balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó balẹ̀. Aṣọ tó kéré jù á gbé nọ́ńbà ga. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ sí ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì wò ó lára ọmọ náà. Nílé, kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí apá ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní ìdọ́gba pẹ̀lú àyà. Kó má sọ̀rọ̀. Ẹ má fi nọ́ńbà ti yín díwọ̀n tirẹ̀: ti ọmọdé ń tẹ̀ lé ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀, dókítà ni yóò kọ èyí tó yẹ sínú ìwé.

Omi tí a wọ̀n

Apá yìí wà fún àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n dín omi ọmọ kù. Bí wọn kò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má dín in kù.

Láàárọ̀, ẹ bu gbogbo omi tí wọ́n fún un láyè fún ọjọ́ náà sínú ike kan. Píọ́ wọ́tà kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, ẹ lè fi í ṣe ìdíwọ̀n. Nígbàkígbà tí ọmọ bá mu ohun mìíràn, ògì, tíì, omi ọbẹ̀, àísìkiriìmù, ẹ da iye kan náà nù láti inú ike. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ fúnra rẹ̀ á fi ojú rí ohun tó kù, kò ní dà bíi pé ìyá ń fi ìkà dù ú. Omi tó fi gbé oògùn mì wà nínú kíkà. Omi àdúrà tí wọ́n gbé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí rúbùtú wà nínú kíkà. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún àwọn tó gbé e wá, ọ̀pọ̀ wọn á gbà pé kí ó fi tọ́ ẹnu lásán.

Òùngbẹ ló ń mú kí ọmọ yọ́ lọ mu omi ní kọ̀rọ̀, iyọ̀ ló sì ń fa púpọ̀ nínú òùngbẹ. Ẹ mú iyọ̀ kúrò, ìjà omi á rọlẹ̀. Kí ó máa fi omi tútù yọ ẹnu kí ó sì tu ú, tàbí kí ó máa lá yìnyín kékeré tí ẹ ti kà mọ́ omi rẹ̀. Ife kékeré tó kún dùn mọ́ ọmọdé ju ife ńlá tí omi ò dé ìdajì rẹ̀ lọ.

Ìkòkò ọbẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí iyọ̀ dínkù, magí ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú horo magí, àjínọmótò náà sì ní sódíọ̀mù, ohun tó wà nínú iyọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ẹ ò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, àmọ́ tí ẹ fọ́ magí mẹ́rin sí i, iyọ̀ lẹ fi sí i. Àpò kékeré inú Indomie, ẹja oníyọ̀, gúgúrú aláta inú ọ̀rá, gbogbo wọn wà nídìí kan náà. Irú dára, bí kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi iyọ̀ pò. Àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, efinrin, ata rodo díẹ̀ àti irú tó jíire lè gbé ọbẹ̀ dúró fún ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má se ìkòkò ọ̀tọ̀ fún ọmọ. Ẹ se ìkòkò kan ṣoṣo láìníyọ̀ fún gbogbo ilé, kí àgbàlagbà tó bá fẹ́ iyọ̀ bù ú sí àwo tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nídìí oúnjẹ á rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun.

Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Púpọ̀ nínú wọn, pọtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò sódíọ̀mù, pọtásíọ̀mù yẹn gan-an sì ni kíndìnrín aláìsàn kì í lè lé jáde. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró láìfi àmì hàn ṣáájú. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹ pa ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ nítorí pé ọmọ ń ṣeré. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé pọtásíọ̀mù ti ga, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọsàn, omi àgbọn, ànàmọ́, tòmátì tí wọ́n sè gbẹ àti èso gbígbẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ dín kù. Ìrẹsì, búrẹ́dì funfun, ẹ̀kọ àti ápù rọrùn fún un jù.

Isu kò tíì di èèwọ̀ nítorí ìyẹn. Ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ fún wákàtí bíi méjì, ẹ da omi náà nù. Ẹ fi omi tuntun púpọ̀ sè é, ẹ da ìyẹn náà nù, kí ẹ tó fi omi mìíràn sè é jinná. Pọtásíọ̀mù púpọ̀ á ti bá omi lọ. Ẹ̀fọ́ náà, ẹ gé e, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ má fi omi tí ẹ fi bọ̀ wọ́n se ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹran àti ẹyin ni mo ń bá àwọn òbí jiyàn lé lórí jù. Wọ́n á gbọ́ pé àgbàlagbà tí kíndìnrín ń dà láàmú máa ń dín purotéènì kù, wọ́n á sì mú ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà kúrò lẹ́nu ọmọ. Ọmọ kì í ṣe àgbàlagbà. Ó ń dàgbà. Bí ẹ bá fi ebi purotéènì pa á, eegun àti iṣan rẹ̀ lẹ ń dín kù. Kí ó jẹ iye tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, kí onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn sọ bó ṣe pọ̀ tó. Bí fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga, wàrà, edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti ohun mímu dúdú ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n á ní kí ẹ dín kù. Bí èébì bá ń gbé e láàárọ̀, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ sàn ju àwo ńlá mẹ́ta lọ.

Oògùn tó yẹ, àti èyí tí kò gbọdọ̀ wọlé

Ẹ fi sírínjì wọn oògùn olómi, ẹ má fi ṣíbí ilé ìdáná wọ̀n ọ́. Bí ọmọ bá bì lẹ́yìn tó lo oògùn, ẹ má tún un fún un kí ẹ tó béèrè. Bí wọ́n bá fún un ní calcium carbonate láti fi dí fọ́sífétì lọ́wọ́, àárín oúnjẹ ni kí ó máa jẹ ẹ́. Bí inú bá ṣófo, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un kò ní ṣẹlẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ oníáyọ́ọ̀nù, kí wákàtí méjì wà láàárín rẹ̀ àti calcium. Prednisolone, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láé, kódà bí ojú ọmọ bá sanra tí àwọn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ kan ń gba abẹ́rẹ́ erythropoietin kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀. Inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8. Kò gbọdọ̀ di yìnyín, ẹ má sì mì í. Bí kò bá síná, ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, àmọ́ kí aṣọ tó nípọn wà láàárín wọn kí yìnyín má bàa kan ìgò rẹ̀.

Bí ara ọmọ bá gbóná tàbí tó ń dùn ún, paracetamol tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ìwúwo rẹ̀ mu ni. Ibuprofen àti diclofenac ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, wọn kò sì gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ẹ sọ fún ilé ìwòsàn èyíkéyìí tí ẹ bá dé pé kíndìnrín ń dà á láàmú kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Gentamicin, bí àpẹẹrẹ, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún un láìronú.

Àgbo wà lára ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí màmá àgbà gbé e wá. N kò ní kí ẹ bú wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kíndìnrín tó yẹ kó fọ àgbo kúrò lára gan-an ló ń ṣàìsàn, àti pé kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò náà. Kì í ṣe àgbo nìkan. Ní ọdún 1990, paracetamol olómi tí wọ́n fi kẹ́míkà diethylene glycol pò pa àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ìparí ọdún 2008, kẹ́míkà kan náà wà nínú oògùn eyín ọmọ tó ń jẹ́ My Pikin, ó lé ní 80 ọmọ tó kú. Kíndìnrín wọn ló kọṣẹ́. Ilé ìpoògùn tó níwèé àṣẹ ni kí ẹ ti máa ra oògùn, kì í ṣe lórí tẹ́ẹ̀bù tàbí nínú bọ́ọ̀sì, kí ó sì jẹ́ èyí tí dókítà ọmọ náà kọ.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà kí ẹ béèrè nípa oògùn ìfúnpá bíi enalapril àti lisinopril, àti oògùn tó ń mú un tọ̀ bíi furosemide. Nígbà tí omi ara bá ń gbẹ, wọ́n lè ní kí ẹ dá wọn dúró fúngbà díẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ.

Awọ, apá àti rọ́bà

Ara yíyún wọ́pọ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kì í ta, òrí lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ sì gé èékánná rẹ̀ kúrú. Ẹ bẹ àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí wọ́n ti máa gbà á, kí wọ́n dá iṣan apá tí kò fi ń kọ̀wé sí. Ó lè di ibi tí wọn ó ti so iṣan pọ̀ fún fífọ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó gbà á bó ṣe yẹ, ẹ kàn máa sọ oògùn tó ń lò fún nọ́ọ̀sì, nítorí àjẹsára kan wà tí wọn kì í fún ọmọ tó ń lo prednisolone púpọ̀.

Bí rọ́bà fífọ ẹ̀jẹ̀ bá wà lọ́rùn rẹ̀, omi kò gbọdọ̀ kàn án, ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìfọ̀jẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣí ìdérí rẹ̀, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò. Ibà tàbí otútù lára ọmọ tó ní rọ́bà kì í ṣe ibà tí a ń fi oògùn akọ ibà dán wò nílé. Ilé ìwòsàn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti owó ìfọ̀jẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. UCH Ìbàdàn, LUTH, àti FMC Abẹ́òkúta àti Ẹ̀bùté-Mẹ́tta wà lára wọn. Ẹ bi òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn pé kí ni kí ẹ ṣe kí ọmọ yín lè wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀.

Ọmọ náà gan-an

Ó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ẹ lọ rí tíṣà rẹ̀, ẹ sọ pé kó má dá a dúró bó bá fẹ́ tọ̀, kó má jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní ìpápánu, kó sì pè yín bí orí bá ń fọ́ ọ. Ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ ní ìwọ̀n tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kọ ìwúwo ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì máa ń wù ú láti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é. Bí ẹ bá mọ̀ pé ó jẹ gúgúrú oníyọ̀, ẹ má nà án: ọmọ tí wọ́n nà á kàn á kọ́ bí a ṣe ń fi pamọ́ ni, ohun tó fi pamọ́ sì ni ẹ ò ní rí kọ. Ààwẹ̀ kò sí fún un, yálà ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti Ràmàdáánì, àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé náà ń wò. Ẹ wá àkókò tí yóò jẹ́ tiwọn.

Kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì

Bí ọmọ bá ní gìrì. Bí mímí bá nira fún un, pàápàá tó bá sùn gbalaja. Bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 12, bó ṣe jẹ́ pé ó máa ń tọ̀ tẹ́lẹ̀. Orí fífọ́ líle, ojú tó ń ṣú, oorun tí a kò lè jí i nínú rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara. Èébì tí kò jẹ́ kí oògùn dúró nínú rẹ̀. Ara tó rọ̀ lójijì, tí ẹsẹ̀ kò gbé e, tàbí àyà tó ń lù ségesège. Ibà tó dé ìwọ̀n 38 fún ọmọ tó ń lo prednisolone. Nínú gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ lóru, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Nínú báàgì tí ẹ ó gbé lọ, ẹ kó ìwé náà sí i, gbogbo páálí oògùn rẹ̀, èsì àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn, aṣọ ìpààrọ̀ kan, ṣájà fóònù, àti jọ́ọ̀gì ìtọ̀. Báàgì yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.